Kí Mi Kí Ogójì Ọjọ́ Tó Pé

Rodica ọmọ mi,

Fóònù mi kò bàjẹ́, èmi ni mi ò gbé e. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ bà mí ní Padova ní Ítálì níbí, ọ̀rọ̀ pé nínú mi, ẹnu mi ni kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ mọ́. Mo fẹ́ ra búrẹ́dì, "bu-du-gu" ló jáde. Ọlọ́jà ní, "Màmá, ẹ ti mutí láàárọ̀ yìí?" Mo fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú kò fura. Adití ni, a dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, àlùfáà wa kígbe: "Kristi jíǹde!" Kí n tó ronú, mo ti dáhùn ketekete: "Ó jíǹde nítòótọ́!"

Láti Àjíǹde, ogójì ọjọ́ la fi ń kí ara wa bẹ́ẹ̀ ní ìjọ wa. Pè mí kó tó tán. Má bi mí ní nǹkan kan. Ṣáà kí mi, kí o sì tẹ́tí.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Ara mi le, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.

Ìyá rẹ,
Paraschiva