Gílóòbù Kan Ti Tó Wa

Ìyá mi kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé ọ dé ọ́fíìsì yẹn kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà pa. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú sí mi mọ́. Jẹ́ kí n ròyìn ohun tó fa ìbínú ọ̀hún.

Àwọn tí ọ́fíìsì yín rán wá ti dé o. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ṣètò bí iná mànàmáná ṣe máa kárí orílẹ̀-èdè, iye èédú tí wọ́n máa wà jáde nínú ilẹ̀, iye ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà, àti ibi tí owó máa kọ́kọ́ lọ, nítorí náà kí kálukú sọ bí iná tó fẹ́ lò ṣe máa pọ̀ tó. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ṣòkòtò oníbàárà sábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú mi. Ó ti di ṣòkòtò péńpé.

Ọmọ mi, mo rò ó títí. Mo ní ṣebí àjọpín ni iná yìí, tí èmi bá bu tèmi kún ọwọ́ níbí, kí ló máa kù fún ìwọ tó ò ń gbé àjà kẹrin? Ni mo bá yára lọ bá gbogbo abúlé, mo ní ọmọ mi ló wà ní ọ́fíìsì yẹn o, ẹ má fi ọ̀kánjúà dójú tì mí. Nígbà tó kàn mí, mo ní gílóòbù kan ti tó wa, a ó sì tètè máa pa á. Oníbúrẹ́dì ní igi ìdáná òun ṣì pọ̀. Onígbàjámọ̀ ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu rárá. Ìyá rẹ fẹ́ dárúkọ fíríìjì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá wọn mi orí. Ó ní bó bá rí báyìí, abúlé wa kò ní sí nínú ètò, pé ta ló máa náwó sórí òpó àti wáyà dé ibi tí wọn kò ti fẹ́ iná? Ó ní bí àwọn tó fẹ́ ẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ilé iṣẹ́ iná tí wọ́n máa kọ́ ṣe máa tóbi tó, pé tèmi kò ní kí tìrẹ dín. Háà! Ìyá rẹ kàn wò mí. O mọ ìwò yẹn.

Mo sáré tẹ̀ lé mọ́tò wọn tòun ti téèpù télọ̀ lọ́rùn, mo ń pariwo pé ẹ padà wá, a ti lójúkòkòrò báyìí o! Wọ́n sì padà. Oníbúrẹ́dì béèrè ààrò oníná tó lè gba odindi màlúù. Ìyá rẹ ní kí wọ́n kọ fíríìjì àti fáànù mẹ́ta, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti àwọn adìyẹ. Èmi ní kí wọ́n kọ maṣíìnì ìránṣọ oníná, áyọ́ọ̀nù oníná, àti ohunkóhun tí wọ́n bá tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní fáànù adìyẹ nìkan lòun máa yọ.

Wọ́n ti kọ wá sínú ètò! Ọ̀gá náà ní ó máa tó ọdún mẹ́jọ kí iná tó dé, nítorí wọn kò tíì fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ iná eléèédú yẹn lélẹ̀. Gbogbo èèyàn hó yèè. Ìyá rẹ ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún fíríìjì ní pálọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ mọ́.

Èmi nìkan ni mo ń fi ọdún mẹ́jọ kún ọjọ́ orí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá nọ́ọ̀sì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó o ti bẹ̀ mí títí pé kí n lò, tí mo kọ̀, mo ti ń lò ó láràárọ̀. Owó rẹ̀ tí mo dá padà, tí mo ní kó o fi ra bàtà, jọ̀wọ́, bàtà ti tó, tètè fi owó ránṣẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ fún mi, á jẹ́ kí èmi náà pẹ́ fún ọ. Ìwọ lo máa wá tan gílóòbù àkọ́kọ́ fún wa, mo sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti wà nínú ètò ìjọba.