Eegun Tí Kò Sí Lọ́fun Bíńgò

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Bíńgò ṣì ń wúkọ́. Ọmọ ajá tí kò ju oṣù méjì lọ, yóò wúkọ́ títí, yóò fẹ́ bì, kò ní rí nǹkan kan bì.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ní eegun ló há a lọ́fun. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta péré, tí mo ń ṣe búlọ́ọ̀kù fún ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì káàkiri Ọ̀tà, ta ni yóò kọ́ mi? Mo ṣu ẹ̀bà róbótó, mo tì í sí i lọ́fun kó lè gbé eegun náà lọ.

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣadé, ṣé ajá ló sọ fún yín pé eegun ni?"

Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́.

Lónìí kò jẹ, kò mu. Mo gbé e sáyà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Ṣàngó. Ọmọdébìnrin kan báyìí ni. Mo ròyìn eegun àti ẹ̀bà fún un.

"Bàbá, kò sí eegun kankan. Ikọ́ ajá ni. Ẹ̀bà yẹn ì bá ti pa á."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ ó kú."

Mà! Èmi!

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí n gbé e kúrò nínú eruku sìmẹ́ńtì mi. Ó ní òun ò lè ṣèlérí.

Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló wà báyìí. Mo fi ìka kan omi, mo nà án sí i lẹ́nu. Ó fà sẹ́yìn, ó di ẹnu pinpin.

Ó rò pé ẹ̀bà ni mo tún mú wá.