Ohùn Tí Rípítà Ò Mọ̀

Mọ́ńdè, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì
Ní gbogbo Èkó, kò sẹ́ni tóhùn ẹ̀ lágbára tó tèmi. Bí mo bá wúkọ́ l'Ágùdà, àwọn ará Musin á ní "pẹ̀lẹ́". Torí ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Najeem ṣe fi èmi sídìí wọ́kítọ́kì níbùdó wa. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló ní, aláìsàn àtaboyún ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá nílò ẹ̀ á wá bá mi, màá pe Ẹ̀gbọ́n Najeem ní Musin, kẹ̀kẹ́ á dé. Mo ti sọ wọ́kítọ́kì náà lórúkọ: Dúdúyẹmí.

Túsìdé, 5
Mo ń gbọ́ àwọn ará Musin ketekete lórí Dúdúyẹmí. Wọn ò gbọ́ mi. Kí lèyí?

Wẹ́sìdé, 6
Mo pe Ẹ̀gbọ́n Muadh tó ń tún wọ́kítọ́kì ṣe. Ó ní rípítà ni — ẹ̀rọ kan lórí òrùlé ní Musin, tó ń gba ọ̀rọ̀ wa, tó ń tún un sọ jáde kó lè rìn jìnnà. Ó ní, "Ohùn ẹ ni ò mọ̀. Ohùn yẹn gbọ́dọ̀ yí padà." Ó pa fóònù.
Ohùn mi? Èmi? Dennis, tó wà níbùdó Ojúẹlẹ́gba, tóhùn ẹ̀ dà bíi ti eku tílẹ̀kùn há mọ́ — rípítà mọ tiẹ̀.
Ó dáa náà. Mo jẹ atalẹ̀ kí ohùn lè rẹlẹ̀. Mo fohùn lẹ́mọ́mù pè. Kò sí. Mo fi ti Màmá mi pè. Kò sí. Atalẹ̀ ti bó mi lọ́fun.

Tọ́sìdé, 7
Ọjọ́ burúkú. Àǹtí Haleemah aránṣọ dé, ó ti ń rọbí. Mo pe Musin, mo pè, mo pè — bí olórin, bíi ṣọ́jà. Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó ní, "Ọmọ yìí, ta lò ń sín jẹ nínú ìnira mi yìí?" Fóònù Ẹ̀gbọ́n Najeem ò lọ. Kọ́rópẹ́, bọ́ọ̀sì kékeré ẹlẹ́ja kan, ló gbé e níkẹyìn, àtòun àti páànù ẹja. Ó bí obìnrin. Àlàáfíà ni.
Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Najeem pè mí, ó ní bí Musin ò bá gbọ́ mi títí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí n kó ẹrù mi, Dennis ló ń bọ̀ l'Ágùdà.

Fúráìdé, 8
Ẹ̀gbọ́n Muadh dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo fohùn ṣọ́jà kí i. Ó ní ṣé òtútù mú mi ni. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ó ní kì í ṣe ohùn ọ̀fun. Ohùn kékeré kan ni wọ́kítọ́kì fúnra ẹ̀ ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa, etí èèyàn kì í gbọ́ ọ. Bí rípítà ò bá gbọ́ èyí tó mọ̀, kò ní ṣílẹ̀kùn. Òmíràn ni Dúdúyẹmí ń fi ránṣẹ́. Ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó yí i padà.
Mo fohùn tátalẹ̀ ti bó pè, "Àgùdà rèé o." Ẹ̀gbọ́n Najeem ní, "Mo gbọ́ ẹ. Ta ló fún ẹ lọ́rùn?"
Kò tíì yé mi o. Ohùn tétí ò gbọ́, kí ló sọ ọ́ di ohùn?
Èyí tí mo parọ́ ẹ̀ ní Mọ́ńdè rèé: kì í ṣe torí ohùn ni Ẹ̀gbọ́n Najeem ṣe yàn mí. Dennis ló kọ́kọ́ yàn fún Àgùdà. Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n Najeem, mo sunkún títí tó fi yí ọkàn padà.
Ti ikọ́ yẹn, òótọ́ ni.