Fìlọ́sọ́fì Tàbí Bísíkíìtì

Abúlé Ìdí-Òro,
Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó.

Modinat Àbẹ̀kẹ́ mi,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́ wá àga jókòó. Kì í ṣe pé ìròyìn burúkú ni, ó gùn ni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ilé tí ẹ ń gbé ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè ò tíì máa jò? Àwa níhìn-ín wà bí a ṣe wà, Alihamudulilahi, àfi eékún mi ọ̀tún tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyá rẹ sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì pọ̀ tó tèmi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Ibi gbogbo tó o bá ń gbà kọjá láàárín Ọgbà sí Agége, mọ́tò ò ní yà bá ọ, àmín.

Ohun tó mú mi mú bírò rèé. Shuaib àbúrò mi tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní kí n pàṣẹ fún ọ kó o fi yunifásítì sílẹ̀, pé òun ti bá ọ wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà, níbi tó o ti máa máa kó bísíkíìtì sínú páálí, ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀. Ó ní o ti kọ̀ jálẹ̀, o ní o ò ní lọ àfi bí bàbá rẹ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kó o lọ. Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹnu mi. O ṣeun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, èyí nìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan máa dúró gbọ́ ọ. Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n fóònù a máa jẹ owó bó ṣe ń gbọ́rọ̀, ìwé ò sì jẹ nǹkan kan, ìdí nìyí tí mo fi rán Ṣẹ́gunfúnmi tó ń kó gààrí wá sí Agége.

Kí n tó dáhùn, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá ọ rò. Oyinadé tó ń ta káàdì fóònù ní oríta wa ló fi fóònù rẹ̀ hàn mí, mo rí àwòrán rẹ níbẹ̀, o fi dígí sójú, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, Ta ni mí? Àyà mi já. Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, ìwé ti pọ̀ jù fún ọmọ yìí, ó ti gbàgbé. Mo sáré lọ sọ fún ìyá rẹ, òun náà káwọ́ lérí, a padà sọ́dọ̀ Oyinadé, ó tẹ nǹkan kan, ó ní ká máa sọ̀rọ̀ sí fóònù, a bá ń dá ọ lóhùn níkọ̀ọ̀kan, pé ìwọ ni Modinat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Sàláwù Àjíṣọlá, pé òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà la bí ọ, pé o kì í jẹ ìlasa, pé àpá kan wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ òsì níbi tí àkùkọ ti ṣá ọ jẹ. Ìyá rẹ ki oríkì rẹ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ tí èmi ò fẹ́ rántí. Nígbà tó dọjọ́ kejì, Oyinadé ní ìbéèrè náà ti kúrò níbẹ̀. Mo ní a dúpẹ́, ọmọ ti rántí. Àmọ́ nígbà mìíràn, bí o ò bá mọ ẹni tó o jẹ́, ilé ni kó o ti kọ́kọ́ bèèrè kó o tó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbangba. Àwọn ọkùnrin Agége lè fún ọ ní ìdáhùn tí kì í ṣe òun.

Ká padà sórí iṣẹ́. Shuaib ní fìlọ́sọ́fì tí ò ń kọ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́, pé láti Ọgbà dé Agége òun ò rí gééti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ń wá onífìlọ́sọ́fì. Mo ní òótọ́ ni, èmi náà ò sì tíì rí gééti tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ń wá láńdílọ́ọ̀dù bíi tirẹ̀, síbẹ̀ ó ń jẹun. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ikọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó kó ìdààmú bá mi díẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí mo mọ̀ ló ní ọ̀gá tó ní irinṣẹ́, bó bá sì dọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á tú u sílẹ̀. Télọ̀ á gba sísọ́ọ̀sì, onígbàjámọ̀ á gba abẹ. Nígbà tó o wálé ṣe Iléyá, mo bi ọ́ pé kí ni ọ̀gá rẹ máa gbé lé ọ lọ́wọ́, kí n lè mọ ibi tí a máa gbé e sí. O ní ìbéèrè ni irinṣẹ́ yín. Mo ti gbá yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ nígbà náà. Mo rò ó pé ìbéèrè ò gba àyè, kò mu dísù, olè ò sì lè gbé e, mo bá kó iṣu síbẹ̀.

Mo tún bi ọ́ nípa ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. O ní bàbá arúgbó kan ni láyé àtijọ́, lókè òkun, tó máa ń rìn káàkiri ọjà, tí á máa bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè títí wọn ò fi ní mọ ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́, ìgbà tó sú wọn, wọ́n fún un ní májèlé mu. Mi ò rí oorun sùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí oníbàárà ti pa ọ̀gá, a kì í sáré gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìyá rẹ ní bóyá kò gbowó lọ́wọ́ wọn ni, pé nǹkan ọ̀fẹ́ ló máa ń bí èèyàn nínú.

Mo wá ní kí n kọ́kọ́ dán iṣẹ́ náà wò fúnra mi kí n tó fẹnu sí i. Mo gba fóònù Oyinadé, mo pe Shuaib padà. Mo bi í bóyá iṣẹ́ bísíkíìtì yìí dára. Ó ní ó dára gan-an, pé èyí tó bá fọ́ níbẹ̀, wọ́n á fún wọn lọ sílé. Ìyá rẹ tó dúró tì mí mi orí. Mo bi í bóyá ó dára ju yunifásítì lọ. Ó ní fíìfíì ló fi jù ú lọ. Mo ní ṣé ọmọ tí èèyàn bá fẹ́ràn lèèyàn ń fún ní ohun tó dára jù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tóun fi bá ọ wá a, torí bí ọmọ inú òun lòun ṣe fẹ́ràn rẹ. Mo ní Ọlọ́run á san án fún un. Mo wá bi í pé Tàófíìkì, ọmọ inú rẹ̀ gan-an, tó wà ní yunifásítì tó ń kọ́ ìṣirò owó, kí ló ṣe fún un tí kò fi fún òun ní iṣẹ́ dáadáa yìí, àbí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Shuaib dákẹ́. Mo rò pé káàdì ló tán, Oyinadé ní kò tán, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Shuaib ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun ò gbọ́ èyí tí mo sọ kẹ́yìn. Mo tún un sọ. Ó ní òun ò tún gbọ́. Mo ní kò burú, kó gbé fóònù fún Tàófíìkì kí n bi òun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, ó ní kí n jọ̀ọ́.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn ayálégbé yàrá méjì ti kó jáde, wọn ò sì tíì rí ẹlòmíràn, oúnjẹ ilé ti ń wúwo fún òun, ojú sì ń ti òun láti sọ ọ́ fún mi, kó má dà bí ẹni pé òun ń lé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní ṣebí ìyẹn ni kó ti sọ láti ọjọ́ Jímọ̀. Àwa ni iṣu ń bà jẹ́ lọ́wọ́ wa níhìn-ín.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi tó o ní o ń dúró dè rèé: má lọ. Kọ́ iṣẹ́ rẹ parí. Iṣẹ́ tó lè mú kí Shuaib sọ òótọ́ lórí fóònù, iṣẹ́ gidi ni, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ́fíìsì ìjọba kan wà ní Aláúsá tí wọ́n nílò rẹ̀ ju bísíkíìtì lọ. Bó o bá gba họlidé, tó o sì fẹ́ kó páálí díẹ̀, ìyẹn ò kàn mí. Iṣu àti gààrí wà nínú ọkọ̀ Ṣẹ́gunfúnmi, òmíràn á máa tẹ̀ lé e lóṣooṣù. Ìyàwó Shuaib ni kó o kó wọn fún, kúnlẹ̀ kó o tó kó wọn fún un, má sì bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ti gbọ́n lórí ìyẹn. Lánàá ni mo bi ìyá rẹ pé kí ló fi mọ̀ pé ọbẹ̀ ni ohun tó gbé síwájú mi. Ó gbé e kúrò.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Káàdì Oyinadé tí mo fi pe Shuaib, mi ò tíì san án, torí tìrẹ la sì ṣe pè é. Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, kò sí lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n bí bàbá bá kọ̀wé tí kò tọrọ owó, àwọn èèyàn á ní ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́.

Ọlọ́run tó fún ọ ní orí, kò ní gba ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fojú kéré ìmọ̀ rẹ, ojú ẹ̀ ni á fi rí èrè rẹ̀. Wà á gbọ́n, wà á jẹun, wà á sì rí ẹni jẹun pẹ̀lú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí wọ́n bá ń wo ọ̀nà rẹ ní gééti bísíkíìtì, kíláàsì ni kó o wà, iwájú sì ni kó o jókòó sí. Bí ọ̀gá rẹ bá bèèrè ẹni tó ní kó o máa bọ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ ni, ó ti yẹ iṣẹ́ náà wò, ó ní ó dára.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláwù Àjíṣọlá.