Obìnrin Tó Wa Ọkọ̀ Ogun Lójú Ọ̀run

Ilé Olùkọ́, Akanran,
Oṣù Ọ̀wàrà, 1958.

Olúfúnmi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ilé wá. Ara gbogbo wa le, mo sì gbà pé ara tìrẹ náà ń ta kébé níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ò ń kọ́. Bàbá rẹ ní kí n bá àwọn kí ọ.

Ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ṣeé pa mọ́ra. O mọ Rùkáyátù, ìyàwó Lìádì, àgbẹ̀ tó múlé tì wá. Ó ń rọbí, ọmọ kọ̀, kò wálẹ̀. Agbẹ̀bí ní àfi ọsibítù Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ àgbàrá sì ti gbé afárá lọ.

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ti àwọn awọnlẹ̀ wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n ibà ti dá òyìnbó tó ń wà á dùbúlẹ̀. Ni Mísì Láńgì, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìránṣọ, bá bọ́ síwájú: “Èmi á wà á.”

A rò pé àwàdà ni. Àṣé nígbà ogun Hítílà, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gba ọkọ̀ òfuurufú ogun tuntun níbi tí wọ́n ti ń kàn án, tí wọ́n ń wà á lọ fún àwọn sójà. Òun nìkan ṣoṣo lójú ọ̀run, láìsí rédíò! Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun kan wọnú ìkùukùu, wọn kò jáde mọ́. Gbogbo ọdún tó fi bá wa gbé, kò sọ ọ́ rí.

Lìádì wò ó títí. “Mísì, ṣé ẹ ó gbé e délẹ̀ fún mi?”

“N kò lè búra, Lìádì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n wà.”

“Bísímílláhì. Ẹ máa gbé e lọ.”

Èmi ni mo gbé orí Rùkáyátù lé itan. Nígbà tí ilẹ̀ bọ́ lábẹ́ wa, ọkàn mi fò lọ. Oko kòkó tí à ń fẹsẹ̀ rìn títí tó ń rẹ̀ wá, ó kéré bí ewé! Mo wo ọwọ́ Mísì, kò gbọ̀n rárá.

A balẹ̀ sí pápá kan nítòsí ọsibítù ní Ìbàdàn. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ, ó gbé ọmọbìnrin jáde. Ìyá yè, ọmọ yè. Mo sáré padà sí pápá náà lọ sọ fún Mísì. Mo bá a níbi tó ti fi iwájú orí ti ara ọkọ̀ náà, tó ń sunkún, tó ń pe orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò jáde mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko títí ó fi pè wọ́n tán.

Ọlọ́run á gbé ọ dé ibi tí ojú wa kò dé, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,
Gbọ́njúbọ́lá.

Mo tún rántí: gbogbo Akanran ló ń bi Rùkáyátù bí ọ̀run ti rí. Ó ní òun dijú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.