Oògùn Pupa Ti Relé

Moyinolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Ṣèyíọlá ọmọ ọmọ mi tí mi ò tíì gbé rí láti ìgbà tí o ti bí i. Ṣé ara yín le bí ara mi ṣe le báyìí? Ọlọ́run tó gbé mi dìde kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin dùbúlẹ̀ àìsàn. Nílé níbí ní Ìjàgbà, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ìyá rẹ náà ò tíì yé pariwo.

Ọmọ mi, mo ti ṣẹ́gun. Ikọ́ ife tí ọkọ rẹ tìtorí rẹ̀ ní kí n má tíì fọwọ́ kan ọmọ ti lọ, mo ti lo oògùn oṣù mẹ́fà náà tán. Mi ò bínú sí i, ẹni tó bímọ ló ń ṣọ́ ọmọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé oògùn náà fún ọ, torí wọ́n lè má kọ́ yín ní yunifásítì. Oògùn pupa ni, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ìtọ̀ mi pọ́n, ìyá rẹ wá fẹ̀sùn kàn mí pé mò ń mu sóbò ní kọ̀rọ̀ láì fún òun. Omi ojú mi pọ́n, òógùn mi di oògùn, gbogbo síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mi ló pọ́n lábẹ́ abíyá. Nọ́ọ̀sì wa, Hamidat, ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn náà kiri ara, pé tó bá yá á gba ẹ̀dọ̀ kọjá, á sì jáde, díẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ.

Mo gbọ́ ẹ̀dọ̀, mi ò gbọ́ ìyókù mọ́. Ṣebí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni àwọn baba wa ń pe àìsàn yìí, mo wá rò pé inú ẹ̀dọ̀ ni oògùn ti ń lúgọ dè é. Ta ni yóò ní ọdẹ lórí ègùn tí yóò tún tọ̀ ọ́ dànù? Ni mo bá ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká dìde kọrin, mi ò lè dìde, mo kàn ń gbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì, ìyá rẹ sì ń sọ fáwọn èèyàn pé Ẹ̀mí ló bà lé mi.

Nígbà tí abẹ́ ikùn ń ro mí, mo jẹ́wọ́ fún Hamidat. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Ó ní Bàbá, ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn yín wà, kì í ṣe ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń tú oògùn palẹ̀ kó lè jáde. Ó ní alágbàṣe ni oògùn náà, tó bá ti roko tòní tán ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé, òmíràn ń bọ̀ lọ́la, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ara tù mí ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, má sọ fún ìyá rẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Hamidat ní wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọn ò rí kòkòrò kankan níbẹ̀ mọ́. Mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí mo nu ojú, ańkáṣíìfù mi funfun báláú, kò sí pupa kankan níbẹ̀, alágbàṣe ti relé. Mo ti ká a sínú lẹ́tà yìí. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn, ọkọ rẹ ò ní rí i níbẹ̀. Kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ojúmọmọ kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ bá mi nínú èyí tó pọ́n. Ohun rere á dúró lára yín, èyí tó bá ti parí iṣẹ́ á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbé Ṣèyíọlá wá, ọwọ́ mi ti ṣófo tó.

Èmi bàbá rẹ,
Akínjídé