Ẹ Má Tíì Gbé Ẹ̀kọ́ Ìdágbére Jáde

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Bajulaiye,
Ṣómólú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì "Ẹ Gbọ́ Kí Ẹ Sọ",
Ẹ̀ka ti Bàrígà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ Ẹ̀KỌ́ ÌDÁGBÉRE DÚRÓ, KÍ Ẹ SÌ FÚN JỌ́Ọ̀JÌ NÍ ÌDÁHÙN MÌÍRÀN

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà tó ń fi etí kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì yín tó wà ní Bàrígà. Iṣẹ́ mi ni kí n di ìwé pọ̀ fún àwọn ilé ìtẹ̀wé Bajulaiye, kí n sì gé etí rẹ̀ kó gún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń di ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, n kò kọ̀wé láti bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yín. Ẹ̀kọ́ náà dára, ohùn inú rẹ̀ sì já gaara. Jọ́ọ̀jì ni mo wá fi sùn yín.

Bóyá ẹ̀yin fúnra yín kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohùn ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Méèrì tó jẹ́ obìnrin, Jọ́ọ̀jì àti Hẹ́ńrì tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin. Méèrì á béèrè ọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì á dáhùn, a ó sì sọ ọ́ tẹ̀lé wọn. Kí gbogbo wa má baà máa pariwo pọ̀, Arábìnrin Tófúnmi, tí ẹ fi ṣe alábòójútó wa, pín ohùn fún wa. Ó fún mi ní Jọ́ọ̀jì. Ó fi Méèrì fún Abilékọ Moyọ̀sọ́lá Oyèbísí, opó tó ń ta òwú ìránṣọ, síìpù àti bọ́tìnnì ní Ṣómólú, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Dọlápọ̀. Hẹ́ńrì ló kù nílẹ̀ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, pẹ́ dé, òun náà ló sì gbà. Àwọn yòókù ń tẹ̀lé ohùn tó bá wù wọ́n. Inú mi dùn sí Jọ́ọ̀jì lọ́jọ́ náà, nítorí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó ní ìlànà.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Màmá Dọlápọ̀ kò wá ṣeré ní kíláàsì. Kánádà ni ọmọ rẹ̀ Dọlápọ̀ ń gbé, ọmọọmọ rẹ̀ Ẹwàolúwa kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Bí ìyá bá pè é lórí fóònù, ọmọ náà á wò ó lójú díẹ̀, á sì bá eré rẹ̀ lọ. Ó dun ìyá náà wọra. Ó dìde níwájú gbogbo wa, ó sì búra pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ Yorùbá mọ́, títí òun yóò fi dé iwájú ọmọ náà tí àwọn méjèèjì á jọ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀kọ́ yín nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde sí wa, àwa náà sì ń fi í dá a lóhùn.

Ibi tí Ìgbìmọ̀ yín ti ṣẹ̀ wá nìyí. Ní ilé tí a ti tọ́ wa, kò sí ìkíni tí kò ní ìdáhùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ ohun tí yóò sọ. Ẹni tó bímọ mọ̀ ọ́n, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì sọ ohun mìíràn kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Nígbà tí a wá gbọ́ tí Méèrì béèrè, tí Jọ́ọ̀jì dáhùn, tí wọ́n ní ká sọ ọ́ tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ni kí àgbàlagbà rò? A gbà pé ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé àwọn elédè ń dáhùn bó ṣe wù wọ́n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kọ́ lórí pípe ènìyàn wá jẹun ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́ ọ, Màmá Dọlápọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, ó sì bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo lè wá jẹun alẹ́ nílé òun lọ́jọ́bọ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti di olóògbé, kò sì sí ẹni tó tún pè mí wá jẹun láti ìgbà náà. Inú mi dùn débi pé ọ̀bẹ ìgéwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni ohun tí Jọ́ọ̀jì sọ: pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mò ń rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Ó mi orí bí ẹni tí ìdáhùn náà tẹ́ lọ́rùn. Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí, tó ń tú jẹnẹrétọ̀ kan palẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé tó kọjú sí wa, gbé orí sókè, ó sì sọ ti Hẹ́ńrì, pé inú òun yóò dùn láti wá.

N kì í purọ́. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, mo di báàgì mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. N kò ní àbúrò obìnrin kankan láyé, ọmọ àbúrò bàbá mi kan ni mo lọ bá. Bó ṣe rí mi ló bú sẹ́kún, ó rò pé ẹnìkan ti kú ní Èkó. Mo ṣàlàyé fún un pé nítorí pé wọ́n pè mí wá jẹun nílé obìnrin kan tí mo fẹ́ràn ni mo ṣe wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá orí mi pé, ó sì gbé omi fún mi mu.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ìgbín sè ni Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun sọ pé ó dùn, òun sì béèrè fún sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Hẹ́ńrì ṣe sọ ọ́. N kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló tẹ̀lé.

Ẹ̀kọ́ lórí àìsàn tẹ̀lé e. Bí a ṣe jáde ní kíláàsì, Màmá Dọlápọ̀ bi mí bóyá mo lè sin òun dé ibùdókọ̀ Obanikoro. Jọ́ọ̀jì ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó le koko, mo ń wo Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí tó gbé àpò rẹ̀ sí èjìká, tí wọ́n jọ ń lọ. Nítorí ohun tí mo ti sọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Àwọn aládùúgbò gbé òróró wá. Àwọn alàgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi wa gbàdúrà sí orúnkún mi. Nígbà tí mo gbàgbé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí mo rìn tààrà wọ ilé ìjọsìn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ní kí n wá jẹ́rìí iṣẹ́ ìyanu. Mo jẹ́rìí náà. Mo fẹ́ kí Ìgbìmọ̀ yín mọ̀ pé ọrùn yín ni mo kà á sí.

Kí ẹ má baà sọ pé n kò gbìyànjú, mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Màmá Dọlápọ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ jókòó ti òun. Mo di ojú, mo sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, inú mi yóò dùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan ọwọ́ mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí Méèrì fi ń pín àpò nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹrù sọ fún mi pé: "Ti Hẹ́ńrì nìyẹn. Tiyín dà?" Ó dúró dè mí pẹ̀lú sùúrù. Kí ni mo lè ṣe? Mo sọ ti Jọ́ọ̀jì fún un, pé ọkọ̀ ojú irin mi fẹ́ gbéra, mo sì dìde kúrò níbẹ̀.

Mo lọ bá Arábìnrin Tófúnmi. Ó ní kí n má ṣe ara mi léṣe, pé ènìyàn lè dáhùn bó ṣe fẹ́. Mo ní kó fi ibì kan ṣoṣo hàn mí tí Jọ́ọ̀jì ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà jókòó tì í. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kò sí. Bí wọ́n bá fún ọkùnrin yìí ní tíì, ó ti mu. Bí wọ́n bá ní kó wo òdòdó, ojú ń yún un. Arábìnrin Tófúnmi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun kò kíyè sí i tẹ́lẹ̀, ó sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ̀wé sí yín.

Ohun tó mú kí n kọ ọ́ kíákíá ni pé físà Màmá Dọlápọ̀ ti jáde. Ìparí oṣù yìí ni yóò lọ sí Kánádà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀ gan-an ni ẹ ti kéde pé ẹ ó fi ẹ̀kọ́ ìkẹyìn ránṣẹ́. Arábìnrin Tófúnmi ti gbọ́ ọ, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Méèrì wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ó bi Jọ́ọ̀jì bóyá kí òun tètè padà. Jọ́ọ̀jì ní kó má ṣèyọnu nítorí òun, kó dúró níbẹ̀ títí tó bá fi wù ú. Hẹ́ńrì ló gbé ẹrù.

Mo mọ̀ pé Màmá Dọlápọ̀ yóò bi mí bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ẹnu mi yóò sọ.

Ẹ lè béèrè ìdí tí n kò fi yọ ara mi kúrò ní kíláàsì. Mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n bí n kò bá lọ, wọ́n á fi Jọ́ọ̀jì fún ẹlòmíràn, yóò sì dáhùn bákan náà. Ẹ sì lè béèrè ìdí tí n kò fi bá Màmá Dọlápọ̀ sọ Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ẹwàolúwa pè é lórí fóònù nígbà tí a wà ní kíláàsì. Ó bi ìyá àgbà rẹ̀ ní ohun tó jẹ. Ìyá náà dá a lóhùn, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò níwájú fóònù. Ó tún bi í ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ó parí, ìyá náà fi ìborùn rẹ̀ nu ojú. N kò lè jẹ́ ẹni tí yóò fa irú ìyá bẹ́ẹ̀ wọnú Yorùbá nígbà tí ibi tó ń lọ ti kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá ẹ̀kọ́ ìdágbére dúró. Ẹ gba ohùn Jọ́ọ̀jì sílẹ̀ lọ́tun, kí ó sọ fún Méèrì pé kó tètè padà. Bí ẹni tó ń ṣe Jọ́ọ̀jì kò bá sí nítòsí, mo ṣetán láti wá sí ọ́fíìsì yín kí n sọ ọ́ fúnra mi, Arábìnrin Tófúnmi ní ohùn wa ti jọra báyìí. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fún mi ní ìwé tó ní òǹtẹ̀ Ìgbìmọ̀, kó sọ pé ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lè dáhùn ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, n ó sì gbé e han Màmá Dọlápọ̀. N kò ní kí ẹ yọ Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dun Hẹ́ńrì náà lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. N kò fẹ́ kí ó dúró níbẹ̀ títí tó bá fi wù ú. Mo fẹ́ kí ó rí ọmọọmọ rẹ̀, kí ó gbé e mọ́ra, kí ó bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kí ó padà sí Ṣómólú, nítorí mo fẹ́ fẹ́ ẹ. N kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ṣáájú Ìgbìmọ̀ yín, ojú sì ń tì mí díẹ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Èmi ni tiyín, tí n ó ṣì máa jẹ́ Jọ́ọ̀jì títí ẹ ó fi fèsì,

Adéníran Ẹkúndayọ̀,
Adìwé, Bajulaiye.

Ẹ̀dà sí: Abilékọ Moyọ̀sọ́lá Oyèbísí, Ṣómólú.
Màmá, mo fẹ́ kí ẹ tètè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì kí ọkọ̀ òfurufú yín tó gbéra, ní èdè èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.